Alùpùpù àlòkù l'Àkókó: Ẹ wo bíréèkì kí ẹ tó wo ọ̀dà

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Àkókó dáadáa mọ̀ pé òkè àti àpáta ló pọ̀ níbẹ̀ ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá gbéra láti Ìkàrẹ́, tó gba Àrígìdì kọjá, tó forí lé Òkè-Àgbè, tàbí tó gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, àpáta ni yóò máa wò lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà yóò sì máa gòkè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀, yóò máa yí kọ́nà. Lójú irú ọ̀nà báyìí, alùpùpù kì í ṣe nǹkan fàájì. Òun ni olùkọ́ fi ń dé ilé ìwé, òun ni àgbẹ̀ fi ń kó iṣu àti kòkó bọ̀ láti oko, òun náà ni nọ́ọ̀sì fi ń dé ibi iṣẹ́ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú tó máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì lágbára àtira tuntun mọ́.

Ohun tó fà á kò jìnnà. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba já náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí yóò jẹ́ sí dọ́là. Ilẹ̀ Íńdíà àti ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ alùpùpù tuntun àti ẹ̀yà ara wọn ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Bí náírà ṣe ń já wálẹ̀ ni iye máṣínì ń fò sókè, títí Bajaj Boxer tuntun, èyí tí àwọn ọlọ́kadà fẹ́ràn jù, fi kọjá mílíọ̀nù kan náírà. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà ní àwọn ilé epo NNPC ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú kí ọdún 2024 tó parí.

Èyí ló sọ ọjà àlòkù di ọjà tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí. Kò sì burú kí èèyàn ra àlòkù. Àwọn bàbá wa rà á, wọ́n sì lò ó títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó burú ni kí èèyàn fi ojú tí wọ́n fi ń ra aṣọ ọdún ra nǹkan tí yóò máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lójoojúmọ́. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tú palẹ̀ tún ṣe, ọ̀dà ṣeé fín, àga ṣeé rán. Ṣùgbọ́n bíréèkì tó ṣá lójú ọ̀nà òkè kì í fún èèyàn láyè àtilọ bá mẹkáníìkì, alùpùpù tí ìwé rẹ̀ kò mọ́ sì lè gbé ẹni tó rà á dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ibi tí àlòkù ti ń wá

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí alùpùpù àlòkù ti ń jáde wá, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù. Àwọn kan wà tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí wọ́n tó kó wọn wọlé, ọ̀pọ̀ ìgbà láti ọ̀nà Kútọnu. Àwọn yìí là ń pè ní tòkunbọ̀, orúkọ tí à ń fún ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lò ó nílé: olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì, àlùfáà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti ra mọ́tò. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ tètè dì í mú. Ẹni tó ń fi aṣọ nu máṣínì rẹ̀ láràárọ̀ kì í sábà jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ nínú rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni ti àwọn ọlọ́kadà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba máṣínì ní hàyà pọ́ṣéèsì. Olówó yóò ra tuntun, yóò gbé e fún ọlọ́kadà, ìyẹn yóò sì máa dá owó padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí yóò fi pé. Iye yìí máa ń ju owó tí wọ́n fi rà á lọ dáadáa. Kí owó tó pé, ti olówó ni máṣínì. Nígbà tó bá pé, ó di ti ẹni tó ń gùn ún. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà tó lè rí owó ọ̀sẹ̀ san, kó sì rí owó oúnjẹ ilé, yóò ti máa ṣiṣẹ́ láti ìdájí títí di alẹ́, yóò máa gbé èèyàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, yóò máa di iṣu mọ́ ẹ̀yìn, yóò sì máa sún ọjọ́ àtiyí ọ́ìlì síwájú. Ọjọ́ tí owó bá pé, tí máṣínì di tirẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wá ẹni tí yóò rà á. Ẹ kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí wọ́n mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fín in ní ọ̀dà, wọ́n á lẹ bébà aláràbarà mọ́ táǹkì rẹ̀, yóò sì máa dán gbinrin lẹ́bàá ọ̀nà.

Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ láti Èkó ni wọ́n ti wá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó rú òfin. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fọ́ tirẹ̀ ni láti gbé e lọ síbòmíràn tàbí kó tà á. Bí ẹ bá rí alùpùpù tí nọ́ḿbà Èkó wà lára rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, kò túmọ̀ sí pé olè ló gbé e. Ó kàn túmọ̀ sí pé ìbéèrè tí ẹ máa bi ẹni tó ń tà á ti pọ̀ sí i.

Láti Udoji títí dé Boxer

Ìfẹ́ alùpùpù ní ilẹ̀ wa kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ìgbìmọ̀ Udoji, ní ìparí ọdún 1974 wọ ọdún 1975, tí wọ́n san gbèsè oṣù tó ti kọjá papọ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ló fi owó náà ra alùpùpù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin. Honda, Suzuki, Yamaha àti Vespa ni orúkọ tó gbòde nígbà náà. Orúkọ ọ̀kadà tí gbogbo wa wá ń pè é lónìí, lẹ́yìn ìyẹn ló dé. Okada Air ni ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ. Àwọn èèyàn ń fi ṣàwàdà pé alùpùpù tó ń gbé wọn la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá yára bí ọkọ̀ òfuurufú náà. Okada Air ti kógbá wọlé tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù sójú títì.

Ti ìrìn àjò jíjìn ńkọ́? Ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ní ọdún 1957 ni Ọlábísí Àjàlá gun Vespa, tó fi bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò yí ayé ká fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀, An African Abroad, jáde ní ọdún 1963, orin Ebenezer Obey sì sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí a fi ń pe ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Ẹ rántí pé Vespa ni o, táyà kéékèèké méjì, ẹ́ńjìnnì tí kò ju ti ẹ̀rọ ata lọ púpọ̀. Ní àìpẹ́ yìí, Kúnlé Adéyanjú kúrò ní London ní ọjọ́ 19, oṣù kẹrin, ọdún 2022, ó sì gun alùpùpù wọ Èkó ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, kí àwọn èèyàn lè dáwó fún iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ Rotary ń ṣe láti lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lọ. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì (41) ló fi rìn ín, ó sì lé ní 12,000 kìlómítà. Honda CB500X ló gùn.

Irú ìròyìn báyìí máa ń mú kí ara ọ̀dọ́ yá gágá. Bí ẹnì kan ní Òkè-Àgbè bá fẹ́ alùpùpù tó lè gbé e dé Àkúrẹ́, Lọ́kọ́ja tàbí Ìbàdàn láìjẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ńláńlá àtijọ́ tó ti òkè òkun wá. Honda Gold Wing tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1975 ní ẹ́ńjìnnì 999cc, omi ló ń tù ú bíi ti mọ́tò. BMW R80 G/S jáde ní ọdún 1980, òun ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Méjèèjì kò lo ṣéènì. Irin gbọọrọ kan tó ń yí ló ń gbé agbára dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí náà kò sí pé ṣéènì já lójú ọ̀nà. Nǹkan tó dára ni wọ́n, n kò ní purọ́.

Àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó bá ń gbé Àkókó tó ra irú wọn ti ra ìrìn àjò Èkó mọ́ ọn. Rọ́bà kékeré kan tó bá já nínú rẹ̀ lè so ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkàrẹ́ tí ẹ máa wọ̀ tí wọ́n á fà á yọ láti abẹ́ káńtà. Táyà rẹ̀ kò bá ti Boxer dọ́gba. Ó wúwo débi pé tó bá ṣubú lórí òkúta, ẹnì kan kò lè gbé e dìde. Alùpùpù arìnrìn-àjò tó dára jù fún ọ̀nà wa ni èyí tí ẹ lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní oríta tó bá ti bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí Honda CG125 àtijọ́ fi ṣì níyì lójú àwọn tó mọ̀. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980 ni Honda gbé e jáde, wọ́n sì dìídì ṣe é fún ilẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í ti yí ọ́ìlì lásìkò, tí eruku pọ̀, tí ẹrù sì wúwo. Kò sí ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tí yóò máa nà, tí yóò máa ké. Ọ̀pá irin ló ń ti ẹnu ihò náà ṣí. Àwọn ará Ṣáínà rí i pé ó dára, wọ́n ṣe irú rẹ̀ lóríṣiríṣi orúkọ, èyí sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ wà káàkiri. Boxer náà kò burú, pàápàá èyí tó jẹ́ 150cc, tí ẹ bá máa ń gbé èèyàn sẹ́yìn gun òkè.

Suzuki AX100 àti àwọn tí ilẹ̀ Ṣáínà fi ṣe àwòkọ rẹ̀, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa wọn lọ́tọ̀. Ẹ́ńjìnnì wọn ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rú èéfín. Wọ́n lágbára láti gun òkè, wọ́n fúyẹ́, ọmọdé mẹkáníìkì lè tú wọn palẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá já gáàsì sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀, irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ fà yín sẹ́yìn bí ti Honda tàbí Boxer. Bíréèkì nìkan ni gbogbo ìwúwo máa ń dá lé. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìyàtọ̀ yẹn lè má hàn. Láti orí Òkè Ọ̀kà wá sísàlẹ̀, yóò hàn.

Bíréèkì, ara irin àti ẹ́ńjìnnì

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé sìmẹ́ńtì ya kúrò lójú ọ̀nà níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, ó sì pa èèyàn, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe bíréèkì tìrẹ nìkan lo gbọ́dọ̀ ronú lé, ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ náà wà níbẹ̀. Alùpùpù tí kò lè dúró kíákíá, tí kò sì lè yà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìmì, kò yẹ lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe ń wò ó? Ní ti bíréèkì onílù, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì dópin. Irin kékeré kan wà lára ìlù náà tó máa ń yí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi àmì ọfà sí i. Bí ọfà yẹn bá kọjá àmì tó wà lára ìlù, láínìn inú ti tán. Owó kékeré ni wọ́n fi ń pààrọ̀ láínìn, nítorí náà ìyẹn nìkan kò yẹ kó lé yín sá. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé bí ẹni tó ń tà á kò bá lè ná owó kékeré yẹn nígbà tí ẹ̀mí tirẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí ni nǹkan mìíràn tí kò tún ṣe? Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín tú ẹsẹ̀ náà, kó fi ìka wo inú ìlù. Bí ó bá ti jẹ kòtò sínú, láínìn tuntun kò ní mú dáadáa.

Bíréèkì tó ní àwo irin níwájú dára ju onílù lọ, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo ojú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́. Omi bíréèkì tuntun máa ń mọ́ gaara, tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin. Bí ó bá ti dúdú bí omi àgbo, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ewu tó wà nínú èyí ni pé omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá di bíréèkì mú láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ooru yóò mú kí ọ̀rinrin náà hó, yóò di èéfín nínú páìpù, ọwọ́ tí ẹ fà yóò sì lọ títí yóò fi kan irin láìjẹ́ pé alùpùpù dúró. Ní orí ilẹ̀ títẹ́jú, èèyàn lè lo irú omi yẹn fún ọdún méjì láìmọ̀.

Lẹ́yìn bíréèkì, ara irin. Ẹ dúró sẹ́yìn máṣínì bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, kí ẹ wò bóyá ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn wà ní ojú ìlà kan. Ẹ gbé e sórí ìdúró àárín, kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ iwájú gbéra, kí ẹ wá di ọ̀pá méjèèjì tó mú táyà iwájú, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa fà á. Bí ó bá ń dún kọ̀-kọ̀, bẹ́ẹ̀rìn ọrùn ti jẹ. Ọrùn yẹn gan-an ni kí ẹ ṣí aṣọ lójú rẹ̀, níbi tí ọ̀pá iwájú ti wọ ara irin. Ẹ wo bóyá wọ́n ti jó o, bóyá ọ̀dà ibẹ̀ tuntun ju ti ibòmíràn lọ. Alùpùpù tí wọ́n ti jó lọ́rùn ti já lójú òpópó rí tàbí kó ti kọ lu nǹkan, iye yòówù kí wọ́n pè é, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ti táyà kò gba àkókò. Lára táyà, nọ́ḿbà mẹ́rin kan wà nínú àpótí kékeré: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Èyí tó bá ti pẹ́ jù, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ṣì gún, rọ́bà rẹ̀ ti gan.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ẹ dé láìrò tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kàn án kí ẹnikẹ́ni tó ta á. Bí ó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti kọ́kọ́ ta á kí ẹ tó dé, ó sì ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ máa dúró kó tutù. Ẹ ra bisikíìtì kan, ẹ jókòó. Tó bá tutù tán, tó gbà ní ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dára. Èéfín tó bá ń dà bíi búlúù lára Honda tàbí Boxer, ọ́ìlì ló ń jó, a jẹ́ pé ríìngì rẹ̀ ti tán. Èyí tó bá dúdú lè jẹ́ kàbùrétọ̀ lásán, owó kékeré ni yóò gbà. Kí ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì wo inú táǹkì bóyá ó ti dípẹtà. Tọ́ọ̀ṣì ni mo wí o, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìṣáná.

Má sì jẹ́ kí nọ́ḿbà tó wà lójú mítà tàn ọ́. Wáyà mítà rọrùn láti yọ. Rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ń yí gíà kì í purọ́ bẹ́ẹ̀. Máṣínì tí mítà rẹ̀ sọ pé kò tíì rìn jìnnà, tí irin gíà rẹ̀ sì ti jẹ tínrín, àwọn méjèèjì kò sọ ìtàn kan náà.

Ìwé

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìwà hù, nítorí ojú ti ń kán wọn, owó sì ti wà lápò. Nọ́ḿbà méjì ló wà lára gbogbo alùpùpù: ọ̀kan lára ara irin, ó sábà máa ń wà ní ọrùn, ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé ìwé lọ́wọ́, kí ẹ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà, kí ẹ fi wé ohun tó wà lára irin. Bí wọ́n bá ti ha á, tàbí tí lẹ́tà kan wọ́ ju àwọn yòókù lọ, ẹ gbé owó yín padà sílé. Bí ó bá jẹ́ nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò bá ìwé mu, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n rísíìtì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ wá rántí ọ̀rọ̀ hàyà pọ́ṣéèsì tí a sọ lókè. Ọlọ́kadà tí owó kò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀ lè tà á ní Ìkàrẹ́, kó sì bọ́ sí ọ̀nà Kogí. Olówó yóò dìde lọ́jọ́ kan, yóò rí máṣínì rẹ̀ lábẹ́ yín, ìwé tó mọ́ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gba nǹkan tí wọ́n jí, tó sì mọ̀ pé wọ́n jí i, òfin ìwà ọ̀daràn lè rán an lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún mẹ́rìnlá (14). Ẹ lè sọ pé ẹ kò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà yín gbọ́. Àmọ́ kí wọ́n tó gbà yín gbọ́, ẹ ó ti sùn níbi tí ẹ kò fẹ́ sùn, máṣínì yóò sì ti padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀, owó yín yóò sì ti lọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ lójú ọjà. Ẹni tó ń tà á yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe da ara yín láàmú, ìwé wà nílé, màá gbé e wá lọ́la. Ẹ sáà san díẹ̀ sílẹ̀ kí n má baà tà á fún ẹlòmíràn." Ẹni tó bá gbọ́n yóò dá a lóhùn pé, "Àbúrò, kò sí wàhálà. Jẹ́ ká jọ lọ gbé ìwé náà nílé yín báyìí." Bí ilé bá wà, bí ìyá tàbí ìyàwó rẹ̀ bá wà níbẹ̀, bí àwọn aládùúgbò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ti ń dára. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ilé jìnnà, ẹ jẹ́ kó lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀ ni kò bọ́ nítorí pé ọgbọ́n kò sí lórí wọn. Ẹ̀rù pé ẹlòmíràn yóò rà á ló mú wọn yára.

Tí ẹ bá jọ fẹnu kò, ẹ kọ ìwé ìtà, kí àwọn ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹni tó tà á lọ búra ní kóòtù pé òun tà á fún yín. Ẹ gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì san owó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ tó wà lórí ìwé náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí, wọ́n á máa gun máṣínì lórí orúkọ ẹni tó ti kú.

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó wà fún alùpùpù, oríṣi A, ẹ gbà á. Àti akoto. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà àti èrò wọn tí kò dé e. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé kóńdò ọ̀dà tó ti tán, àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ya fọ́tò wọn, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Igbá kò gba èèyàn lọ́wọ́ òkúta Àkókó. Akoto tí orí yín wọ̀ dáadáa, tí okùn rẹ̀ mú lábẹ́ àgbọ̀n, ni kí ẹ ra, ẹ má sì ra àlòkù níbẹ̀, nítorí èyí tó bá ti kọ lu nǹkan lẹ́ẹ̀kan lè ti fọ́ nínú láìhàn síta.

Kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù, ẹ rọ tuntun. Ẹ pààrọ̀ láínìn àti omi bíréèkì láìka ohun tí ẹni tó tà á sọ, ẹ sì fa ṣéènì tọ́ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jí ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan kí ọkọ̀ tó pọ̀, ẹ gun Òkè Ọ̀kà láìgbé ẹrù, kí ẹ fi gíà kejì sọ̀ kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ìlù bíréèkì ẹ̀yìn láìfọwọ́ kàn án. Bí ooru rẹ̀ bá ń lé ọwọ́ yín sẹ́yìn, bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn láínìn tó ń jó, ẹ jẹ́ kó sinmi dáadáa kí ẹ tó tún gbéra, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ ní ọjọ́ náà gan-an.